Ìṣasùn Mọ́rẹ́nikẹ́ Níwájú Bíró Ìfọ̀nyìn

Àsíá tuntun tí wọ́n ta síwájú bíró ìjọba ní Ìfọ̀nyìn kò tíì ṣá nínú oòrùn nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Dahomey ni orílẹ̀-èdè wa ń jẹ́ nígbà náà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ni, èmi náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ní Àjàṣẹ́, olú ìlú wa. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí. Òmìnira ìlú àti ìwé ẹ̀rí mi jọ ara wọn lójú mi: mo rò pé gbogbo ohun tó wọ́ pátá la máa fi àwọn méjèèjì tọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ olùkọ́ ti ń bi mí léèrè ìgbà tí mo kọ́kọ́ kojú ìjọba. Ẹ rò pé ọ̀rọ̀ owó oṣù ni. Ọ̀rọ̀ ìṣasùn ni, ìkòkò ọbẹ̀ kékeré tí a fi amọ̀ mọ, tí kò tóbi ju orí ìkókó lọ. Màá sọ ọ́ bó ṣe rí, àti ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe, torí pé èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ ba nǹkan jẹ́.

Mọ́rẹ́nikẹ́ wà ní kíláàsì mi, kíláàsì àṣejáde. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, ó ga, ó tín-ín-rín. Bí mo bá béèrè ìbéèrè, kì í nawọ́ títí àwọn yòókù á fi ṣì í tán, nígbà náà ni yóò wá dáhùn bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Ìyá tó ń tọ́ ọ, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́, kò bí ọmọ rárá. Epo pupa ló ń ṣe, ó sì máa ń rù ú kọjá ibodè lọ tà ní ilẹ̀ tí àwọn àgbà wa ṣì ń pè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn Nàìjíríà. Ní abúlé kan lẹ́yìn Ìdíìrókò, ó ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ ń tajà. Ọ̀rẹ́ náà kú lórí ìkúnlẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú ṣáájú. Ìyá ọkọ náà, arúgbó kan tó ń mọ ìkòkò, ló gbé ìkókó náà lé Ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́ lọ́wọ́, ó sì gbé ìṣasùn kan tẹ̀lé e.

'Gbà á, fi ṣe ọmọ,' ló wí. 'Ṣùgbọ́n má gba ilé rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa kì í jẹ ìgbín. Kí ọbẹ̀ rẹ̀ máa dá wà.'

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní ìlú ńlá lè má mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wúwo tó. Ní agbègbè wa, ẹni tó bá gba ọmọ tọ́ lè fún un lórúkọ, ó lè nà án, ó lè fún un lọ́kọ, ṣùgbọ́n kò lè pa èèwọ̀ ilé tó bí i rẹ́. Odò tó bá gbàgbé orísun, gbígbẹ ló ń gbẹ. Nítorí náà, fún ọdún mẹ́tàlá gbáko, obìnrin yìí ń se ọbẹ̀ méjì. Ìkòkò ńlá jẹ́ ti ilé, ìgbín sì ń wà nínú rẹ̀ ní gbogbo àsìkò òjò. Ìṣasùn jẹ́ ti ọmọ. Kò sẹ́ni tó kà á sí wàhálà. Kò sẹ́ni tó ronú nípa ibodè, torí pé àwọn ìbátan ló wà ní ọ̀tún àti ní òsì rẹ̀.

Ọdún náà ni àṣẹ kan dé ilé ìwé wa. Ọmọ tí kò bá ní ìwé ìbí Dahomey kò ní jókòó ṣe sẹtifíká, ìdánwò tí ọmọ ń fi jáde ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ìwé náà, bíró máa rán akọ̀wé lọ sí ilé rẹ̀ láti ṣe ìwádìí. Bí akọ̀wé bá gbà pé ọmọ ilé náà ni, wọ́n á fún un ní ìwé.

Mọ́rẹ́nikẹ́ kò ní ìwé ìbí kankan. Àwọn èèyàn ń rò pé onígboyà ni ajìjàgbara láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi ò rí bẹ́ẹ̀. Oorun kì í kún ojú mi bí ìbẹ̀wò alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ bá ku ọ̀sẹ̀ kan. Mo fẹ́ràn ọmọ náà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mo tún fẹ́ kí ẹni àkọ́kọ́ tó máa yege lábẹ́ mi jẹ́ ẹni tí mo lè tọ́ka sí. Mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì nígbà yẹn, mi ò sì mọ̀ ọ́n títí dòní.

Mo lọ bá Ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́ níbi tó ti ń jọ epo.

'Ìyá, ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ bí i. Ọ̀rọ̀ kan péré ni.'

Kò gbójú sókè. 'Ọ̀rọ̀ kan péré. Ìyá rẹ̀ tó kú lórí ìkúnlẹ̀ ńkọ́, kí lòun bí?'

'Òkú ò kúkú ní ṣe ìdánwò, Ìyá.'

Ojú tì mí bí mo ti sọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n mi ò bẹ̀bẹ̀. Mo padà lọ ní ọjọ́ kejì, ó tún kọ̀. Ní ìgbà kẹta, mo mú ìwé ìṣirò ọmọ náà dání. Ó nu epo ọwọ́ rẹ̀ sára ìró kó tó gbà á, ó sì tọ́ka sí ibi tí mo fi yíǹkì pupa kọ nǹkan sí.

'Èyí tó pupa yìí, ṣé ìbáwí ni?'

'Rárá o. Ó túmọ̀ sí pé ó gba gbogbo rẹ̀.'

Ó wò ó pẹ́. 'Bọ̀n, ó dáa,' ló wí. 'Màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí o rántí pé ìwọ lo fi sí mi lẹ́nu.'

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ́ gbogbo ilé ní irọ́ náà, bí mo ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìsọdipúpọ̀. Ìgbà wo ni wọ́n bí i? Nígbà ìkórè àgbàdo. Ta ló gbẹ̀bí? Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà yìí ni ìyá ọkọ Ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́, òun ló sì mọ ìdáhùn jù. Ó tilẹ̀ ń fi kún un. Ó ní òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀bẹ tí wọ́n máa fi gé ìwọ́ sọnù. Inú mi dùn sí i bí ẹni rí akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀wé.

Akọ̀wé tí bíró rán wá ń jẹ́ Tómáàsì, ọmọ Àjàṣẹ́, tó gbọ́ èdè wa dáadáa. Ó gun kẹ̀kẹ́ wá ní ọ̀sán. Ó béèrè, wọ́n dáhùn, ó ń kọ. Nígbà tó dé orí ọ̀bẹ tó sọnù, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbà. Ó ti ń pa ìwé rẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n àlejò kì í kúrò nílé wa láìjẹun. Wọ́n gbé ọ̀kà fún un àti ọbẹ̀ ìgbín. Ìyàwó ilé kan rí i pé ọbẹ̀ àlejò kéré. Ó ti bu ìkòkò ńlá gbẹ, ló bá na ìgbakọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí ìṣasùn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

Ẹ̀gúsí ni Ìyá Àgbà ń ṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Kò tilẹ̀ yíjú dáadáa.

'Yọwọ́ níbẹ̀. Ìṣasùn Mọ́rẹ́nikẹ́ nìyẹn. Ṣé ìgbakọ ìgbín lo fẹ́ tì bọ̀ ọ́? Ilé wọn kì í jẹ ẹ́.'

Tómáàsì dáwọ́ jíjẹ dúró. 'Ilé ta ni, Ìyá?'

'Ilé Mọ́rẹ́nikẹ́.'

'Ṣé ibí kọ́ ni ilé Mọ́rẹ́nikẹ́?'

Ìyá Àgbà wò ó bí ẹni tó ń wo òpònú. 'Ibí ni. Kí ló ṣe é?'

Nígbà náà ló rántí. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, èèpo ẹ̀gúsí dà sílẹ̀ ní itan rẹ̀.

Tómáàsì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe ẹ̀rín ìkà. 'Ẹ̀yin ará Ìfọ̀nyìn,' ló wí, 'ẹ ò lè purọ́ nídìí oúnjẹ.' Ó jẹ ọ̀kà rẹ̀ tán, ó dúpẹ́, ó ṣí ìwé rẹ̀ padà, ó sì fa ìlà gígùn kan lórí gbogbo ohun tó ti kọ.

Kò pẹ́ tí lẹ́tà fi dé. Ó ní àjèjì ni ọmọ náà. Ó ní Ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ pamọ́, ó sì purọ́ fún ìjọba. Kó mú un lọ fún àwọn aláṣẹ ibodè ní Ìgolo láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Ìdánwò ku ọjọ́ méjìlá. Mọ́rẹ́nikẹ́ ka lẹ́tà náà fúnra rẹ̀, ó túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kò sì ṣi ọ̀rọ̀ kan.

Bí mo ṣe gbọ́, mo lọ dọ̀bálẹ̀. Obìnrin ń kúnlẹ̀ ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ kò tó mi. Mo ṣàlàyé, mo tún ṣàlàyé: bí mi ò ṣe ní èrò ibi, bí ọkàn mi ṣe dàrú, bí mo ṣe rò pé mò ń ran ọmọ lọ́wọ́. Ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́ jẹ́ kí n sọ ọ́ dé òpin.

'Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a,' ló wí. 'Tiwa ò tilẹ̀ rìn jìnnà. Nídìí ọbẹ̀ ló kú sí. Dìde. Ká wá máa sọ òótọ́, ká wo bóyá ẹ̀mí tiẹ̀ máa gùn jù bẹ́ẹ̀.'

'Ìyá, wọ́n á mú yín.'

'Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo purọ́ lórí ọmọ yìí, ojú ẹsẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ sì tú. Mi ò ní í purọ́ mọ́, mi ò sì ní í gbé e lọ sí Ìgolo.'

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ìpinnu kì í ṣe ohun tó ń pariwo. Ohùn epo jíjọ̀ ló ní, jẹ́jẹ́.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ olùkọ́. Dirẹ́tọ̀, ọ̀gá ilé ìwé wa, ni alága, àgbàlagbà tó ti ń kọ́ni láti ayé òyìnbó. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, 'Mètírẹ́ẹ̀sì,' bí a ṣe ń pe olùkọ́ obìnrin, 'ẹgbẹ́ olùkọ́ nìyí. Kì í ṣe ẹgbẹ́ ìyálọ́mọ.'

Mo bi í pé, 'Ta ló ń kọ orúkọ àwọn tó máa ṣe ìdánwò ránṣẹ́ sí Àjàṣẹ́, Dirẹ́tọ̀?'

'Àwa ni.'

'Bí a ò bá kọ ọ́ ńkọ́?'

Dirẹ́tọ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. 'Wọ́n á gbé ọ lọ sí àríwá, níbi tí o ò ti ní gbọ́ èdè ẹnikẹ́ni.'

'Mo mọ̀.'

Mi ò mọ̀. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo di ẹsẹ̀ àga mú lábẹ́ tábìlì. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kan nawọ́ sókè, òmíràn nawọ́. Nígbà tí a dìbò, Dirẹ́tọ̀ ló nawọ́ kẹ́yìn. Ó ní tí ọmọ kan bá ṣẹ́kù síta, a ò ní fi orúkọ ọmọ kankan ránṣẹ́.

Ọjọ́ kejì jẹ́ ọjọ́ ọjà Ìfọ̀nyìn. Ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́ gbé ìṣasùn náà ka iwájú epo rẹ̀, gbogbo ẹni tó bá sì wá ra epo ló ń sọ ìtàn fún, òótọ́ pọ́ńbélé, láti orí ìkúnlẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí dórí lẹ́tà. Obìnrin kan láti Tchaada, tó ń ta gààrí, sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀.

'Tèmi kì í jẹ òkété,' ló wí jẹ́ẹ́. 'Àgọ́sásà ni wọ́n ti fún mi, ní òdìkejì. Ṣadé ló ń jẹ́. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.'

'Mo ti sọ tèmi fún gbogbo ọjà,' ni Ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́ dá a lóhùn. 'Kí lo wá ń fi tìrẹ pamọ́ fún?'

Ará Banigbé kan gbọ́, ó ní òun náà ní ọ̀kan. Ará Lagbé kan ní méjì, ìbejì. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí mi, mo rí i pé mi ò mọ nǹkan kan nípa ìlú tí mo wá tún ṣe. Mo ti rò pé ìṣasùn kan ṣoṣo ló wà láyé.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, àwọn obìnrin jókòó síwájú bíró, kálukú pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ ọmọ tí kò bí. Wọn ò kọrin, wọn ò sọ̀kò. Wọ́n dá ààrò, wọ́n ń se ọbẹ̀. Èéfín wọ ojú fèrèsé bíró. Ọ̀gá bíró jáde síta. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ọdún márùn-ún péré ló fi jù mí lọ, ọmọ ìlú mìíràn tí a gbọ́dọ̀ ṣe ògbufọ̀ fún. Tómáàsì ló ń túmọ̀.

'Ọ̀gá ní ṣé ẹ fẹ́ sọ bíró di ilé ìdáná ni?'

'Ẹ bá wa sọ fún un pé ilé ìdáná ló ti rí ẹjọ́ wa,' ni Ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́ wí. 'Ibẹ̀ ni kó ti dá a.'

Tómáàsì fi ìka bo ẹ̀rín rẹ̀. Ọ̀gá dáhùn pé obìnrin yìí jí ọmọ gbé ni. Ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́ dìde, ó gbé ìṣasùn náà lé àtẹ́lẹwọ́.

'Ẹni tó bá jí ọmọ gbé, ṣé á máa se ọbẹ̀ ilé rẹ̀ fún un lójoojúmọ́, kó má baà gbàgbé ibi tí wọ́n ti bí i? Olè wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?'

Ọ̀gá gbọ́ ìtumọ̀ náà, ó wá ní, 'Ìwé ni ìjọba ń kà. Ìjọba kì í ka ìkòkò.'

'Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé,' ló fèsì. 'Ẹ kọ ìkòkò náà sínú ìwé, kí ìjọba lè kà á.'

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ṣọ́jà wá fi bàtà tú ààrò ká, ìkòkò mẹ́rin fọ́. Àwọn obìnrin ṣa àpáàdì jọ, wọ́n tò ó síwájú ara wọn, wọ́n sì tún jókòó. Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, èmi àti àwọn olùkọ́ á lọ jókòó tì wọ́n. Ohun ìyanu kan ṣẹlẹ̀: bí mo bá jókòó, ẹ̀rù á ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tún ní rí nǹkan kan ṣe fún mi.

Àwọn aláṣẹ ní Àjàṣẹ́ rí i pé ọjọ́ ìdánwò ń bọ̀, orúkọ kankan kò sì ti Ìfọ̀nyìn wá. Wọ́n rán adájọ́ kan. Ọjọ́ kan náà ni àbúrò bàbá Mọ́rẹ́nikẹ́, tí a ti ránṣẹ́ sí, gba ọ̀nà oko ọ̀pẹ wọlé láti òdìkejì. Ọkùnrin tó gùn ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Kí ó tó kí adájọ́, ọmọ náà ló kọ́kọ́ kọjú sí.

'Ṣé wọn ò tíì fi ìgbín bọ́ ọ?'

'Rárá, bàbá,' ni Mọ́rẹ́nikẹ́ dáhùn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ kó dáhùn ìbéèrè láìdúró de ẹlòmíràn nìyẹn.

Adájọ́ bi ọkùnrin náà bó ṣe mọ̀ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, nígbà tó jẹ́ pé ìkókó ló rí kẹ́yìn. Ọkùnrin náà gba ìṣasùn, ó yí i dé, ó fi àmì èékánná mẹ́ta hàn án ní ìdí rẹ̀. 'Ìyá mi ló mọ ọ́n. Kò sí ìkòkò rẹ̀ tí kò ní àmì yìí. Òun ló fi ọmọ náà fún obìnrin yìí níṣojú mi.'

Adájọ́ fi ìka kan àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá kọ ọ́ pé a bí Mọ́rẹ́nikẹ́ ní òdìkejì ibodè, pé ẹbí rẹ̀ fi í fún obìnrin yìí, obìnrin náà sì gbà á ní ọmọ gẹ́gẹ́ bí àṣà ìlú. Ó ní kó ṣe ìdánwò. Ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́ kò fò sókè. Ó béèrè pé ṣé orúkọ ìyá tó bí ọmọ wà nínú ìwé náà. Tómáàsì ní ó wà. Ó ní kó kà á sí òun létí. Ó kà á, ó tún kà á. Nígbà náà ló tó jókòó.

Àwọn obìnrin yòókù ti tò pẹ̀lú ìkòkò àti àpáàdì. Adájọ́ wo ojú ọ̀run, ó ní òjò ń ṣú, ọ̀nà kò dára, òun á padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ fún wọn. Ó fi ọwọ́ sí àyà nígbà tó ń sọ ọ́. A gbà á gbọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Dirẹ́tọ̀ bi wá pé ṣé ká fi orúkọ ránṣẹ́, èmi ni mo kọ́kọ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti rẹ̀ mí, mo sì fẹ́ kí ó parí. Ohun kan ṣoṣo tó ń mú wọn gbọ́ tiwa, a gbé e lé wọn lọ́wọ́.

Adájọ́ kò padà wá. Nígbà tí orúkọ dé Àjàṣẹ́, wọ́n fa ìlà lórí ti gbogbo àwọn tí kò ní ìwé.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí a jèrè nínú ìjà náà. Ẹnikẹ́ni kò tún ní kí wọ́n gbé ọmọ kankan lọ sí Ìgolo ní agbègbè wa. Mọ́rẹ́nikẹ́ yege, ó di agbẹ̀bí, ó sì ń se ọbẹ̀ tirẹ̀ nínú ìṣasùn náà títí dòní. Èmi lọ sí àríwá bí Dirẹ́tọ̀ ti sọ, mo sì kọ́ èdè ibẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àdánù. Àdánù ni àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, nígbà tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé tí mò ń ka orúkọ. Ọmọ obìnrin Tchaada náà wà níbẹ̀, ó wọ aṣọ tí wọ́n fọ̀ tí wọ́n sì lọ̀, ó mú pẹ́ńsùlù dání. Ó dúró títí mo fi ka orúkọ tán. Kò sunkún.

'Mètírẹ́ẹ̀sì,' ló wí, 'ṣé wọn ò rí ìṣasùn tiwa ni?'

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, bí wọ́n bá dá ti ẹnì kan lóhùn, ẹ má tíì dìde. Ẹ jókòó títí á fi kan ẹni tó tò gbẹ̀yìn.

Kò sí ìwé ìjọba tó gba orúkọ ọmọ náà nígbà yẹn. Mo kọ ọ́ síbí: Ṣadé, ọmọ tí wọ́n bí ní Àgọ́sásà, ọmọ Ìyá Tchaada tó ń ta gààrí. Ilé wọn kì í jẹ òkété.